Sóbìyà Kì Í Ṣe Egbò

Pẹ́kámù, Lọ́ńdọ̀nù
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹwàá, 1997

Màámi mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú Àbíkẹ́ àbúrò mi, ẹ kú ìdúró láti àárọ̀ dalẹ́ ní dìsípẹ́ńsárì. Mo kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà láti ibi tí mo wà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ibí tutù débi pé bí mo bá kúnlẹ̀ jù, wọ́n á ní láti fi ọ̀bẹ họ orúnkún mi kúrò nílẹ̀. Ara mi le, bí a bá yọ ti imú tó ń dà bí ẹ̀rọ omi.

Màámi, ìlú yìí ń rí mi lára. Ṣé ẹ mọ̀ pé ní ilé Bọ̀ọ̀dá Adégbọlá, àbúrò yín, kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tẹ́ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀? Kápẹ́ẹ̀tì tó nírun lára! Onílé òyìnbó ló tẹ́ ẹ síbẹ̀ láti ayé Nóà. Gbogbo ohun tó ti ta sílẹ̀ láti ayé Nóà wà nínú irun náà. Ojoojúmọ́ ni mò ń fi ìka ẹsẹ̀ rìn wọ ibẹ̀ bí ẹyẹ lékeléke. Ẹ̀wà inú agolo tí mo sì ti jẹ láti oṣù kẹjọ, bí a bá dà á sílẹ̀, á gbé mọ́tò lọ.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n ń kọ́ wa ní èdè kan tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, Jáfà lorúkọ rẹ̀. Wọ́n pín wa ní méjì méjì. Iṣẹ́ tí wọ́n fún èmi àti ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dẹ́rẹ́kì ni pé ká ṣe ètò tí yóò máa tọ́jú rẹ́jísítà fún ilé ìwòsàn kékeré. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo fò sókè. Mo ní iṣẹ́ ìyá mi rèé!

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ lè ràn mí lọ́wọ́. Bí ètò kan bá ń ṣiṣẹ́ lọ tí nǹkan kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, bíi kí wọ́n mú orúkọ ẹni tí kò sí nínú ìwé wá, tàbí kí oògùn tí wọ́n béèrè ti tán, ṣe ló máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, á figbe ta. Òyìnbó ní orúkọ gígùn fún un. Èmi ń pè é ní igbe. Ẹni tó kọ ètò náà ló gbọ́dọ̀ fi nǹkan síbi tí wọ́n á ti gbọ́ igbe yìí, tí wọ́n á sì mọ ohun tó kàn láti ṣe. Jáfà ní àwọn igbe tirẹ̀ tó gbé bọ̀ láti ilé, ṣùgbọ́n kò mọ nǹkan kan nípa dìsípẹ́ńsárì. Àwa la máa dá igbe tiwa sílẹ̀, ká sọ ọ́ lórúkọ, ká mú un jáde lára igbe àgbà kan tí mo sọ ní Igbe Ìyá, kó jogún ohun tí ìyá rẹ̀ ní, kó sì ní ti ara rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Dẹ́rẹ́kì ṣe. Ó ran àpò ńlá kan sí ìsàlẹ̀ ètò wa. Igbe yòówù kó ta, inú àpò. Àpò náà kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, kò pe ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà á kọ ọ́ sójú gíláàsì pé, "Ó ti parí." Mo ní kó fún ọmọ ọjọ́ méjì ní ogójì ìgò oògùn ikọ́, ó ní ó ti parí. Mo ní kó gba bẹ́ẹ̀dì fún òkú, ó ní ó ti parí. Mo ní, "Dẹ́rẹ́kì, o ti pa ènìyàn méjì láàárín ìṣẹ́jú kan." Ó ní, "Ṣé kò ṣiṣẹ́ ni?" Ànàmọ́ díndín ló ń jẹ, ọwọ́ olóròóró yẹn náà ló fi ń tẹ kọ̀ǹpútà wa.

Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi da ohun tó wà nínú rẹ́jísítà yín fún oṣù yìí kọ, gbogbo ohun tó ń mú àwọn ènìyàn wá. Orúkọ àìsàn nìkan ni mo fẹ́, n kò fẹ́ orúkọ aláìsàn. Ibẹ̀ ni mo ti máa mọ irú igbe tí ó yẹ ká dá sílẹ̀.

Ẹ sọ fún Àbíkẹ́ pé bí ó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò kọ́mọ́ọ̀n ẹ́ńtíráǹsì oṣù kẹta, mo máa fi ẹsẹ̀ rìn láti ibí wá gbá a létí.

Ọmọ yín tí kò gbàgbé ilé,
Tinúadé


Ìdí-Ọsẹ̀, lọ́nà Ọ̀rà
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá, 1997

Tinúadé ọmọ mi,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀, mo kí àbúrò mi Adégbọlá tó gbà ọ́ sílé. Lẹ́tà rẹ dé, àmọ́ ojú tì mí. Ìwọ mọ̀ dáadáa pé èmi ni mò ń ka lẹ́tà sétí Ìyá Àgbà, o wá kọ ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo dé ibẹ̀, mo ń húkọ́. Wọ́n ní, "Dínà, kí ló dé tí o dákẹ́? Kí lọmọ náà wí?" Mo ní o ní wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílé. Wọ́n ní, "A dúpẹ́, ọmọ mi ti dolówó." Ṣé o rí irọ́ tí o mú mi pa?

Ọmọ òyìnbó tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, má máa sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni tó wà ní gáréèjì Ìlá. Ahọ́n rẹ ni mo bẹ̀rù jù nígbà tí o ń lọ.

Ohun tí o béèrè rèé. Ní oṣù kẹwàá, ibà mú ènìyàn mọ́kàndínlógún wá. Ikọ́, mẹ́jọ. Ìgbẹ́ gbuuru, mẹ́fà, gbogbo wọn ọmọdé. Àkekèé ta ẹnìkan, ejò bu ẹnìkan jẹ, òun náà kò kú. Egbò ẹsẹ̀, mẹ́tàlélógún. Obìnrin kan wá ní òun kò mọ ohun tó ń ṣe òun. Mo kọ ibà fún un.

Àbíkẹ́ wà. Egbò díẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ òun náà, kì í ṣe nǹkan ńlá, má dààmú. Ó ń kàwé. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi, èyí tí wọ́n ní àwọn máa fi sọ mí di òṣìṣẹ́ ìjọba gan-an, kò tíì dé. Ọ̀gbẹ́ni Oyèbísí, ọ̀gá tó ń bẹ̀ wá wò, ní kí n fọkàn balẹ̀, ó ní kí n ṣáà máa ṣe ohun tí wọ́n bá ní kí n ṣe. Láti ìgbà tí bàbá yín ti lọ, ìwé yẹn ni gbogbo àdúrà mi.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ.

Ìyá rẹ,
Dínà Fálọ́pẹ́


Pẹ́kámù, Lọ́ńdọ̀nù
Ọjọ́ Ọgbọ̀n, Oṣù Kọkànlá, 1997

Màámi mi,

Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú gbígbẹ ètè. Mo tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀ mọ́, àfi kí ẹ kàn mọ̀ pé kápẹ́ẹ̀tì náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í hu olú.

Ṣùgbọ́n màámi, egbò ẹsẹ̀ mẹ́tàlélógún? Ní Ìdí-Ọsẹ̀? Abúlé tí mo lè sọ òkúta kan kọjá láti òpin dé òpin? Ṣé orí ìgò fífọ́ ni gbogbo yín ti ń jó ijó àjọ̀dún ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí tíṣà wa kọ́ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lẹ́yìn tí mo ti bú Dẹ́rẹ́kì tán nítorí àpò rẹ̀, ó bínú, ó lọ dá igbe mẹ́tàdínlógójì sílẹ̀. Ọ̀kan wà fún ẹni tó bá dé fìlà wọlé. Tíṣà wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní a kì í dá igbe sílẹ̀ nítorí pé ọwọ́ wa dilẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí a bi ara wa: ẹni tó máa gbọ́ igbe yìí, ṣé ohun tó máa ṣe sí i yàtọ̀ sí ohun tó máa ṣe sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Bí kò bá yàtọ̀, kí àwọn méjèèjì jọ máa jẹ́ orúkọ kan. Bó bá yàtọ̀, kí a yà wọ́n, kí a fún kálukú lórúkọ tirẹ̀.

Mo wá mú rẹ́jísítà yín, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Ẹni tí ìgò gé, ẹ máa fọ ọ́, ẹ máa fi oògùn aláwọ̀ àlùkò yẹn kùn ún, ẹ máa dì í, kó máa lọ sílé. Ó tán. Ṣùgbọ́n irú egbò kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ fi gbogbo oògùn àlùkò ayé kùn ún, kò sí ohun tí ẹ ṣe, nítorí pé omi tí a ń mu ló yẹ kí a da oògùn sí. Ẹ mọ èyí tí mò ń sọ. Ọmọ Ìdí-Ọsẹ̀ ni mí.

Mo rántí Bàbá Fákúnlé, tí ń hun agbọ̀n lẹ́yìn ilé wa nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Wọ́n na ẹsẹ̀ sílẹ̀, igi ìgbálẹ̀ kan wà lára kókósẹ̀ wọn, nǹkan funfun bí okùn ìdì moínmoín yí mọ́ ọn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yí i díẹ̀, kó má baà já. Ojú mi méjèèjì ló rí i: ó gùn láti Ìdí-Ọsẹ̀ dé Ọ̀rà, ó ku díẹ̀ kó wọ Ìlá. Àwọn eṣinṣin ń jẹun níbẹ̀ bí ẹni wà ní ìkómọ. N kò jẹ moínmoín fún ọdún kan gbáko.

Màámi, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Egbò ẹsẹ̀ Àbíkẹ́, ṣé nǹkan funfun ń yọjú níbẹ̀?

Ọmọ yín,
Tinúadé


Pẹ́kámù, Lọ́ńdọ̀nù
Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Kìíní, 1998

Màámi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Èyí á jẹ́ ọ̀sẹ̀ karùn-ún tí mo ti kọ̀wé sí yín, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ihò kan wà lára ilẹ̀kùn ibí tí lẹ́tà ń gbà wọlé. Mo ti jókòó tì í bí ológbò tó ń ṣọ́ ihò èkúté. Ìwé ìpolówó oúnjẹ nìkan ló ń já bọ́ níbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Adégbọlá ní, "Ìyá rẹ ò ráyè ni, ọdún ni." Èmi mọ ìyá mi. Bí ìyá mi bá ní ìròyìn rere, á kọ ọ́ sẹ́yìn àpòòwé pàápàá.

Mo béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Tinúadé


Ìdí-Ọsẹ̀
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kìíní, 1998

Tinúadé,

Mo kí ọ. Kí Adégbọlá gba ìkíni ọdún tirẹ̀.

Ọmọ tó bá mọ́ ìyá rẹ̀ lójú, òṣì ni yóò ta ọmọ náà pa. N kò gbàdúrà rẹ̀ sí ọ, ṣùgbọ́n rò ó. Lẹ́tà rẹ ti oṣù kọkànlá ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí mo bá ti gbé e láti fèsì, inú á tún bí mi, màá dá a padà.

Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé o ti gbọ́? Bẹ́ẹ̀ ni. Méjì ló wà lẹ́sẹ̀ Àbíkẹ́. Èkíní ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde tán, mo ń yí i fún un láràárọ̀, ó ń ké títí ohùn rẹ̀ ti há. Èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ wú ní ẹ̀yìn orúnkún. Kò lè rìn dé ilé ìwé. Òórùn rẹ̀ kún yàrá. Èmi tí mo ti fọ egbò fún ogún ọdún, nígbà tí mo bá yí i tán, ìta ni mò ń jáde lọ tutọ́ sí.

Ìwọ rò pé n kò mọ orúkọ rẹ̀? Ta ló kọ́ ọ ní orúkọ rẹ̀? Ní ọdún tó kọjá, wọ́n wá pẹ̀lú kámẹ́rà, wọ́n fún Baálẹ̀ Ògúnníyì ní sátífíkéètì pé sóbìyà ti kúrò ní abúlé wa. Baálẹ̀ kọ́ ọ sára ògiri pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá wọn, wọ́n pa ewúrẹ́ méjì. Ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ti Ìyá Àyànlọ́lá yọjú, mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù bó ṣe yẹ. Ọ̀gbẹ́ni Oyèbísí pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá Tinú, orúkọ yẹn, a ò fẹ́ rí i nínú ìwé mọ́. Wọ́n ti kéde pé ó ti tán lọ́dọ̀ wa. Ẹ kọ egbò. Ṣé egbò kọ́ ni?" Ó wá ní, "Ìwé yín wà lórí tábìlì mi o." Kí ni kí n ṣe? Ìwọ ló ń jẹ agolo ẹ̀wà lọ́hùn-ún. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ bọ́ ọmọ àti ìyá àgbà níbí.

Ní ti ètò tí o ń ṣe yẹn, mo bẹ̀ ọ́ ní orúkọ bàbá rẹ, má kọ ìdọ̀tí ilé wa sínú ètò òyìnbó. Wọ́n á máa fi ọ́ ṣẹ̀sín, wọ́n á ní ọmọ aláràn ni ọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ


Pẹ́kámù, Lọ́ńdọ̀nù
Ọjọ́ Kìíní, Oṣù Kejì, 1998

Màámi mi,

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kú ìyà. Ẹ bá mi kí Àbíkẹ́ pẹ̀lẹ́, kó má bínú pé mo ní mo máa gbá a létí. Mo ka lẹ́tà yín lórí àtẹ̀gùn, n kò lè wọlé. Mo sunkún títí ìyá òyìnbó kan tó ń gbé lókè fi fún mi ní bísíkíìtì. Bísíkíìtì náà ti rọ̀. Mo jẹ ẹ́.

Ẹ ní kí n má kọ ọ́. Ó ti pẹ́, màámi. Mo ti kọ ọ́ kí lẹ́tà yín tó dé. Mo dá igbe kan sílẹ̀, mo sọ ọ́ ní Sóbìyà, mo yà á kúrò lára igbe Egbò. Ní ọjọ́ tí a máa fi iṣẹ́ wa han kíláàsì, tíṣà ní kí n ṣàlàyé rẹ̀, mo sì ṣàlàyé. Mo ní aràn ni, inú omi mímu ló ń gbà wọlé, ó máa ń lo ọdún kan nínú ara, á wá jáde níbi ẹsẹ̀. Gbogbo kíláàsì pariwo. Ọmọbìnrin kan bo ẹnu. Dẹ́rẹ́kì ti àga rẹ̀ sẹ́yìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bí ẹni pé ó ń yọ jáde lára mi. Dẹ́rẹ́kì o! Dẹ́rẹ́kì tí kì í fọ ọwọ́! Ẹnìkan wá béèrè pé, "Ṣé ó wà ní ìlú yín?"

Màámi, mo ní rárá. Mo ní àtijọ́ ni, mo ní orílẹ̀-èdè mìíràn ni mo ti kà nípa rẹ̀. Àbúrò mi wà nílé tí ó ń ké, mo sì dúró síwájú ogún ènìyàn, mo gbé igbe rẹ̀ jù sínú àpò. Gbogbo bí mo ṣe ń bú Dẹ́rẹ́kì láti oṣù kẹwàá, èmi ni mo burú jù. Nǹkan tó kó mi nírìíra jù ní ìlú yìí láti ìgbà tí mo ti dé, ẹnu ara mi ni.

Nígbà tí lẹ́tà yín wá dé, mo padà lọ bá tíṣà. Mo ní, "Mo purọ́. Ó wà ní ilé wa. Ó wà lẹ́sẹ̀ àbúrò mi." Kò sá fún mi. Ó ní kí n jókòó, ó ní kí n fi ètò náà hàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wo igbe Sóbìyà mi, ó ní, "Kí ló gbé lọ́wọ́?" Mo ní kò gbé nǹkan kan, orúkọ lásán ni. Ó ní orúkọ lásán kò tó. Igbe tó dára máa ń gbé ẹ̀rí dání: ta ló ṣẹlẹ̀ sí, níbo, omi wo. Kí ẹni tó bá gbọ́ ọ má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè.

Ó tún sọ ọ̀kan tí n kò lè gbàgbé. Ó ní kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tó gbọ́ igbe ló ní láti wo ọ̀ràn náà sàn. Bí agbára rẹ̀ kò bá ká a, kó jẹ́ kí igbe náà kọjá lọ sókè, láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, títí yóò fi kan ẹni tó lè ṣe nǹkan sí i. Ohun kan ṣoṣo tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí a gbé e mì.

Màámi, n kò ní kí ẹ lọ bá Baálẹ̀ jà. N kò ní kí ẹ da oògùn sínú adágún tí à ń mu. Ẹ kò lágbára rẹ̀, mo mọ̀. Mo kàn ní kí ẹ jẹ́ kó kọjá. Bí wọ́n bá tìtorí rẹ̀ fi ìwé yín pamọ́, mo mọ̀ pé èmi ni mo fà á, ẹ ó sì lè bú mi títí ọjọ́ ayé yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ egbò, ta ló máa wá sí adágún? Àwọn tí wọ́n ní oògùn omi, àwọn tó ń pín aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, sóbìyà ló ń pè wọ́n. Kò sí ẹni tí egbò ń pè.

Ọmọ yín aláìlójútì tó ti ní ìtìjú báyìí,
Tinúadé


Ìdí-Ọsẹ̀
Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kẹta, 1998

Tinúadé ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ilé. Jókòó kí o tó kà á.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, mo fà á ya. Mo ní ọmọ tí mo fi ọmú bọ́ ló ń kọ́ mi ní iṣẹ́ mi. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀, mo dé láti dìsípẹ́ńsárì lọ́sàn-án, n kò bá Àbíkẹ́ nílé. Ìyá Àgbà ní ó wọ́ jáde, ó ní ẹsẹ̀ òun ń jó bí iná. Mo sáré lọ sí adágún. Ó jókòó létí omi, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ títí dé orúnkún, ojú rẹ̀ túká fún ìgbà àkọ́kọ́ láti bí oṣù mẹ́ta. Ó ní, "Màámi, ó ti rọlẹ̀." Mo wo omi náà, mo rí nǹkan funfun bí omi ẹ̀kọ, ọmọ aràn náà ni, tó ń tú jáde ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí i, àwọn obìnrin mẹ́ta ń pọn omi tí a máa mu lálẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyá Tinú, ẹ kú ọ̀sán." Mo dáhùn. Nígbà tí mo gbé ọmọ mi kúrò níbẹ̀ tán, mo fi ọwọ́ mú igi, mo bì.

Mo kọ ọ́. Mo padà sínú rẹ́jísítà láti oṣù kẹsàn-án, mo mú orúkọ wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo kọ ilé wọn, mo kọ ọjọ́ tó yọ, mo kọ omi tí wọ́n ń mu. Àbíkẹ́ Fálọ́pẹ́ ni mo fi ṣe ẹni kìíní, kí wọ́n má baà ní mo ń tú àṣírí ọmọ ẹlòmíràn.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèbísí wò ó. Ó ní, "Ìyá Tinú, kí lẹ kọ síbí?"

Mo ní, "Ohun tí mo rí ni, sà."

"Ẹ lọ tún un kọ."

Mo nawọ́ bírò sí i. Mo ní, "Ẹ bá mi kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ ní kí n yí i, sà, kí ẹ sì fọwọ́ sí i." Ó wo bírò náà bí ẹni tí wọ́n nawọ́ ejò sí. Mo ní, "Mo fi kábọ̀nù sábẹ́ rẹ̀ nígbà tí mò ń kọ ọ́. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́dọ̀ pásítọ̀ wa." Ìwà jàgídíjàgan yìí, Tinúadé, ọ̀dọ̀ rẹ ni mo ti kó o. Ọ̀gbẹ́ni Oyèbísí fi fọ́ọ̀mù náà sínú báàgì, ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ.

Àbíkẹ́ kò ṣe ìdánwò. Ọjọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó yíjú sí ògiri. Ó di ọdún tó ń bọ̀. Èkejì ti ń jáde, n kò jẹ́ kó dé etí omi mọ́, inú garawa omi tútù ni mo ń bá a ki ẹsẹ̀ bọ̀, oko ni mo sì ń da omi náà nù sí. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi kò dé, n kò sì rò pé yóò dé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹnikẹ́ni kò fi kí mi ní abúlé yìí. Wọ́n ní mo fẹ́ gba sátífíkéètì lọ́wọ́ Baálẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mọ́tò kan gúnlẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Oyèbísí ló jókòó sẹ́yìn, obìnrin kan àti ọkùnrin kan láti ilé iṣẹ́ ìlera ní Òṣogbo wà níwájú. Wọ́n ní kí gbogbo abúlé péjọ síwájú ilé Baálẹ̀. Obìnrin náà mú fọ́ọ̀mù mi lọ́wọ́, ó ní, "Ta ló kọ èyí?" Mo dìde.

Baálẹ̀ ní, "Ní abúlé tèmi? Irọ́ ni! Obìnrin yìí ń wá iṣẹ́ ìjọba ni. Ẹ wọlé wá wo sátífíkéètì!" Wọ́n wọ agbádá funfun, wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù, ó gùn dé orúnkún, nínú oòrùn yẹn.

Mo ní ó ti parí fún mi. Ìyá Àyànlọ́lá, tí kò kí mi fún ọ̀sẹ̀ méjì, wá dìde. Wọ́n ní, "Baálẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ wá wo tèmi." Wọ́n ká ìró wọn sókè. Eṣinṣin gbéra níbẹ̀, ó tún padà bà lé e. Ìyàwó Fákúnlé ká tirẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ká tirẹ̀. Tinúadé, ṣe ni wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìlà, tí wọ́n ń ká aṣọ. Òórùn náà gba gbogbo iwájú ilé. Obìnrin Òṣogbo fi ọwọ́ bo imú. Nígbà tó yá ó gbé ọwọ́ kúrò, ó kúnlẹ̀, ó ń wò wọ́n ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Adágún yìí, ọ̀la ni a máa da oògùn sí i."

Baálẹ̀ ṣì ní, "Egbò ni! Egbò lásán ni!"

Ìyàwó wọn kékeré ló sọ̀rọ̀, ohùn jẹ́jẹ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Baálé mi, ẹ bọ́ ọ. Èmi ni mò ń fọ ìbọ̀sẹ̀ yẹn."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ká ní o wà níbẹ̀, ìwọ ìbá ti rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà náà jókòó sórí àga wọn, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Ó ti lẹ̀ mọ́ wọn lára. Mo lọ kúnlẹ̀, mo bá wọn fi omi rin ín, mo rọra bọ́ ọ. Mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Mo ṣí rẹ́jísítà sórí ẹsẹ̀ mi. Mo ní, "Orúkọ yín, sà?"

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Dínà, ṣé o kò mọ orúkọ mi ni?"

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ sọ ọ́."

Wọ́n ní, "Ògúnníyì."

"Omi wo lẹ ń mu?"

Wọ́n ní, "Omi kan náà tí ẹ̀yin ń mu ni."

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ,
Dínà Fálọ́pẹ́